Tírélà Kékeré Tó Ṣeé Sùn Sí Fún Ọ̀nà Oko: Kí Ni Kí Ẹ Yàn Bí Ẹ Bá Fẹ́ Kàn Án ní Àkúrẹ́ Láìná Owó Rẹpẹtẹ?

Ẹni tó ní oko kòkó lẹ́yìn Òdòdé Ìdànrè, ẹni tó ń ṣe ìwádìí nínú igbó, àti ẹni tó kàn fẹ́ kó ìyàwó àtọmọ lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lábẹ́ òkè, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi ara wọn: níbo la ó sùn? Kò sí òtẹ́ẹ̀lì níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti pin. Inú ọkọ̀ há. Orí ilẹ̀ gbalasa kò sì tọ́ fún ẹni tó mọ ohun tí ìjàlọ lè ṣe lóru. Ohun tí mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ni tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mọ́tò lásán lè fà, tí èèyàn méjì lè nà gbọọrọ sínú rẹ̀, tó sì lè gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa kọjá nígbà òjò. A lè kàn án níbí, ní Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ wẹ́dà àti káfíńtà àdúgbò. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni mímọ ohun tí a ó yàn, nítorí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ bá bá pàdé ló ní tirẹ̀ láti sọ.

Kì í ṣe náírà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Kílò ni. Owó irin àti pákó ń yí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kì í yí. Kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé lé tírélà yìí ni ẹ ó máa ra epo fún nígbà gbogbo tí ẹ bá jáde. Òun ni bíréèkì ọkọ̀ yín á máa bá jà bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, òun náà ni yóò sì rì sínú ẹrẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni pé tírélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 750 lọ, kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ tó ń fà á lọ. Corolla tòkúnbọ̀ tó kún ìgboro wa wọn nǹkan bíi kílò 1,100 sí 1,300. Ìdajì rẹ̀ ń lọ sí 550 tàbí 650. Ọ̀nà tiwa kò dà bíi tiwọn, nítorí náà kílò 400 ni mo fi ṣe ààlà: tírélà, ibùsùn, omi, oúnjẹ, aṣọ, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. 400 yìí ni mo gbé gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ kà.

Àgọ́ tàbí àpótí

Ẹ lè kan pẹpẹ irin sórí táyà méjì, kí àwọn tó ń rán kánópì òde ìnáwó bá yín rán àgọ́ tápólì tí ẹ ó máa nà sórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ sì lè kan àpótí tó ní ilẹ̀kùn, fèrèsé àti òrùlé.

Àgọ́ ló fúyẹ́ jù. Tápólì àti irin tó gbé e dúró kò ní ju nǹkan bíi kílò 30 lọ, nígbà tí àpótí tí a fi ọgbọ́n kàn á wọn 80. Bí ẹ bá ká àgọ́ kúrò, pẹpẹ yẹn á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó bọ̀ wálé. Àpò kòkó kan wọn nǹkan bíi kílò 64, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Fún àgbẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, n kò rí ìdí tó fi yẹ kó na owó lé àpótí.

Àmọ́ òjò wa kì í tọrọ àyè. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa na àgọ́ nínú òjò, kí ẹ sì ká a ní tútù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àgọ́ tí a ká ní tútù tí a kò tún sá á máa hu ẹ̀bu, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò mọ́. Ẹni tó ní ọmọ kékeré, tàbí tó máa ń dé lálẹ́, kí ó kan àpótí. Ẹ ó kàn ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó wọlé, ẹ ó tì í.

Bí ẹ bá yan àpótí, fíìtì 8 ní gígùn, fíìtì 4 ní fífẹ̀, fíìtì 4 ní gíga ni kí ẹ fi ṣe. Bí pláíwùdù ṣe ń bọ̀ láti ọjà nìyẹn, abala 5 géérégé ló máa bo ìsàlẹ̀, òkè àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ò ní gé nǹkan dànù. Ẹ lè jókòó dáadáa nínú rẹ̀, ẹ ò lè dìde dúró. Àwọn kan máa ń fẹ́ kó ga tó fíìtì 6 kí wọ́n lè dúró wọṣọ. Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gíga yẹn á mú kí atẹ́gùn máa gbá a, ẹ̀ka kòkó á máa họ ọ́, ibi tí ọ̀nà bá sì ti dagun, ó lè dojú dé.

Ásù: ibi tó yẹ kí owó yín lọ

Bí ògiri bá fọ́ lẹ́yìn Aládé, ẹ ó ṣì délé. Bí ásù, irin tó gbé táyà méjèèjì, bá ṣẹ́, ìrìn-àjò ti parí nìyẹn. Nítorí náà, ẹ fi owó sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fowó pamọ́ lókè.

Ásù ẹ̀yìn Golf 2 tàbí Golf 3 ni mo fi ṣáájú. Táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì Golf ń yí, nítorí náà kò sí gíà kankan lẹ́yìn. Ásù rẹ̀ fúyẹ́, irin rẹ̀ sì ń lọ́ díẹ̀ bí táyà kan bá wọ kòtò, kí èkejì lè dúró lórí ilẹ̀. Ẹrù tí ẹ̀yìn Golf ń gbé nígbà tó wà lára ọkọ̀ kò jìnnà sí 400 tiwa, torí náà sípíríńgì rẹ̀ kò le jù, kò sì rọ̀ jù. Bíàrín rẹ̀ wà káàkiri. Okùn ẹ́ńbíréèkì rẹ̀ ṣì wà nínú họ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ń de rímù mọ́, ẹ lè so ó pọ̀ mọ́ ọwọ́ kan kí tírélà má baà yí lọ nígbà tí ẹ bá tú u kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Ní ìlú olókè bíi Ìdànrè, ohun pàtàkì ni ìyẹn.

Ibi tó le níbẹ̀ nìyí. Sípíríńgì Golf ń dúró lóòró, ó yí ṣọ́kù ká, orí ṣọ́kù náà sì ni wọ́n dè mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Tírélà kò ní bọ́dì yẹn. Wẹ́dà gbọ́dọ̀ gbé òpó irin méjì dìde láti di orí ṣọ́kù mú, ọ̀tún kan, òsì kan. Gbogbo gbígbò tí táyà bá ń gbò, ẹsẹ̀ òpó yìí ló ń lọ. Bí wọ́n bá kàn jó o mọ́ orí páìpù ìsàlẹ̀ tírélà lásán, ẹ wo ibi tí wẹ́dìn pàdé páìpù lẹ́yìn ìrìn díẹ̀: ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín kan, bíi irun, tí ìpata ti ń jáde lójú rẹ̀. Kì í ṣe wẹ́dìn gan-an ló máa ń la, páìpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni kí wẹ́dà kọ́kọ́ tẹ́ irin pẹlẹbẹ tó nípọn sábẹ́ òpó kí ẹrù lè fọ́n ká, kó sì fi irin onígun mẹ́ta ti òpó náà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ dúró tì í títí á fi ṣe é. Nǹkan mìíràn: ojú ibi tí wọ́n ti ń de ásù náà gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, kí táyà máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bí wọ́n bá dè é lódì, gbogbo kòtò ni yóò máa gbá a bíi ẹni gbá ògiri.

Ọ̀nà kejì ni líìfù sípíríńgì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra bí ewé, irú èyí tó wà lẹ́yìn Hiace àti Hilux. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Kò sí wẹ́dà tí kò mọ̀ ọ́n dè. Sípíríńgì náà fúnra rẹ̀ ló di ásù mú, kò nílò òpó. Bí ewé kan bá ṣẹ́, ẹ ó rí òmíràn rà ní ìlú kékeré. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí abẹ́ tírélà ga sí i, ẹ kàn gbé sípíríńgì lé orí ásù dípò abẹ́ rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹrù ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ kílò 400, kò ní tẹ̀ rárá. Tírélà á máa fò, ìṣó á máa yọ, abọ́ á máa fọ́. Ẹ ní kí wọ́n yọ ewé rẹ̀ kúrò títí á fi ku èyí tó gùn jù àti ọ̀kan tàbí méjì lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá jókòó lé e wò bóyá ó ń tẹ̀. Ẹ má sì ra ásù Hilux mọ́ ọn. Gíà tó wà láàárín rẹ̀ ń wúwo lásán, ó sì ń wá ilẹ̀ níbi tí òkúta bá ti yọrí. Páìpù nínípọn tí wọ́n jó orí ásù àti họ́ọ̀bù ọkọ̀ kékeré mọ́ létí méjèèjì ló dára.

Páìpù yẹn ní ìṣòro tirẹ̀: bí orí méjèèjì kò bá gún régé, táyà á jẹ tán láìpẹ́. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láìsí ẹ̀rọ. Ẹ gbé tírélà sórí jáàkì, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín táyà méjèèjì níwájú ní ọ̀gangan àárín họ́ọ̀bù, ẹ wọn ọ́n lẹ́yìn náà ní ọ̀gangan kan náà. Ó yẹ kí méjèèjì bára dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju mílímítà mẹ́ta lọ, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wẹ́dà.

Ásù onírọ́bà tí wọ́n ń ṣe lókè òkun wà, ó rọrùn lára. Àmọ́ bí rọ́bà inú rẹ̀ bá kú, kò ṣeé tún ṣe, odidi rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Ta ló fẹ́ dúró de ẹrù láti Èkó nínú igbó? Ní ti àwọn tó ń de ásù mọ́ irin láìsí sípíríńgì kankan, irú èyí tí wọ́n fi ń ti jẹnẹrétọ̀, kò yẹ fún ibi tí èèyàn máa sùn sí.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni fífẹ̀. Ní ọ̀nà oko, ọkọ̀ tó ti kọjá ti la ipa méjì sílẹ̀, gegele sì wà láàárín. Bí táyà tírélà kò bá tọ ipa táyà ọkọ̀ yín, ó máa gun gegele lápá kan, àpótí á máa fì. Láti àárín táyà kan sí èkejì, ásù Golf jẹ́ mítà 1.4 àti díẹ̀, ó sún mọ́ ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Èyí wà lára ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Àpótí fíìtì 4 á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ àpótí ga ju orí táyà lọ, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún bí táyà ṣe máa fò sókè.

Ṣásí: channel, áńgù tàbí páìpù onígun mẹ́rin

Ọ̀gá wẹ́dà á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi channel ṣe é, kò ní bàjẹ́ láéláé.” Ire ló ń rò sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Channel íǹṣì 4, irin tí ẹnu rẹ̀ ṣí lápá kan bíi lẹ́tà U, wọn ju kílò 10 lọ fún mítà kan. Ṣásí, irin ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo tírélà, tó jẹ́ fíìtì 8 sí 4, pẹ̀lú irin àárín méjì àti irin ìfà iwájú, ń jẹ nǹkan bíi mítà 13. Kílò 130 ti lọ kí ẹ tó fi táyà sí i. Páìpù onígun mẹ́rin íǹṣì 2 sí 2 tó nípọn ní mílímítà 3 wọn kílò 4.4 fún mítà kan; ìyẹn á jẹ́ kílò 57. Kílò 70 tó jẹ́ ìyàtọ̀ wọn ju ìwọ̀n gbogbo ògiri àti òrùlé àpótí lọ.

Áńgù, irin tó dà bíi lẹ́tà L, tó jẹ́ íǹṣì 2 tó sì nípọn ní mílímítà 5, tún fúyẹ́ ju páìpù lọ díẹ̀, kílò 3.8 ni fún mítà kan, àmọ́ ó ń lọ́. Ìgbà tí táyà ọ̀tún bá wà nínú kòtò tí ti òsì sì wà lórí gegele, ṣásí áńgù á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, gbogbo oríkèé àpótí á sì máa ṣí. Páìpù kì í lọ́ bẹ́ẹ̀. Páìpù ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fi íǹṣì 2 sí 3 ṣe irin ìfà iwájú, nítorí ibẹ̀ ni agbára gbogbo ń gbà. Kí irin ìfà náà gba abẹ́ ṣásí kọjá dé ọ̀gangan ásù, kó má dúró sí etí iwájú.

Ẹ gbé ìwọ̀n lọ sọ́jà. Páìpù tí wọ́n pè ní mílímítà 3 lè jẹ́ 2, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Odidi páìpù 2 sí 2 onímítà 6 tó jẹ́ 3 lóòótọ́ á wọn kílò 26. Tó bá jẹ́ 2 ni, kò ní ju 18 lọ. Ìwọ̀n kì í parọ́.

Ẹ kun inú àti òde rẹ̀ ní red oxide, ọ̀dà tó ń dènà ìpata, ẹ dí ẹnu páìpù, kí ẹ sì lu ihò kékeré sí abẹ́ rẹ̀ kí omi tó bá wọ inú rẹ̀ lè máa kán jáde.

Ògiri àti òrùlé

Ìwọ̀n abala kan tó jẹ́ fíìtì 8 sí 4 nìyí, ní kílò:

| Ohun èlò | Kílò fún abala kan |
|---|---|
| Pláíwùdù 6 mm | 11 |
| Pláíwùdù 12 mm | 22 |
| Marine board 18 mm | 35 |
| Páànù irin 1 mm | 23 |
| Páànù alumíníọ̀mù 0.55 mm | 4 sí 5 |
| Fọ́ọ̀mù funfun líle, 50 mm | 2 sí 3 |

Ẹ fi 5 sọ iye kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Àpótí marine board á wọn kílò 175. Ó lágbára, wọ́n ti fi da kọnkéré ilé alájà rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi agbára yẹn ṣe. Páànù irin á wọn 115, ó máa ń dípẹtà láti inú oríkèé, oòrùn ọ̀sán á sì sọ ọ́ di ààrò.

Ìjà gidi wà láàárín mẹ́ta: pláíwùdù 6 mm, alumíníọ̀mù lórí egungun pákó, àti fọ́ọ̀mù tí a fi aṣọ àti gọ́ọ̀mù bò.

Pláíwùdù 6 mm ló rọrùn jù. Gbogbo káfíńtà mọ̀ ọ́n ṣe. Ó nílò egungun pákó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ nínú kó má baà máa tẹ̀, àpótí náà á sì wà ní nǹkan bíi kílò 80 bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 12 mm. Etí rẹ̀ ni ikú rẹ̀. Omi kì í gba ojú rẹ̀ wọlé, ibi tí wọ́n ti gé e ló ń gbà. Ẹ ó rí i tó wú, tí abala rẹ̀ ń ṣí bí ojú ewé ìwé. Gbogbo etí àti gbogbo ihò ìṣó ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà dí kí ẹ tó kàn án pọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá kàn án tán. Ọyẹ́ náà máa ń jẹ́ kí pákó sún kì, kí oríkèé là, nítorí náà ẹ tún ọ̀dà rẹ̀ kùn kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.

Alumíníọ̀mù lórí egungun pákó ni mo yàn fún ara mi, mo sì dúró lórí rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ páànù longspan ní Àkúrẹ́ lè gé èyí tí wọn kò tíì tẹ̀ fún yín, ní gbọọrọ, débi pé òrùlé á jẹ́ ẹyọ kan láìsí oríkèé tí omi á gbà. Egungun rẹ̀ ni ìbéèrè: pákó wo? Àwọn sọ́míìlì wa ní ìrókò, ní afàrà, ní melínà, ní arère. Ìrókò lágbára, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ pákó rẹ̀ tó bá jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga wọn nǹkan bíi kílò 650. Arère jẹ́ nǹkan bíi 380. Pákó 2 sí 2 tó gùn tó mítà 30 tó máa gbé gbogbo àpótí dúró kò ju kílò 30 lọ bí ó bá jẹ́ arère. Kò lágbára bíi ìrókò, kò sì yẹ kó jẹ́ òun ni yóò máa gba gbígbò ọ̀nà. Ṣásí ló ń gba ìyẹn. Ohun tó ń pa arère ni ikán, kòkòrò àti ìdíbàjẹ́. Ẹ fi Solignum kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi páànù bò ó, kí ẹ rí i pé ó gbẹ. Èyí tó tútù láti sọ́míìlì máa ń wúwo lọ́wọ́. Ẹ tò ó síbi atẹ́gùn títí á fi fúyẹ́.

Ibi tí alumíníọ̀mù bá ti fara kan irin ṣásí, ẹ fi rọ́bà tyúbù àtijọ́ sáàárín wọn. Bí omi bá wà láàárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Rífẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi dè é níbi tó bá kan irin, skúrù níbi pákó. Ìṣó á yọ lọ́nà.

Fọ́ọ̀mù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ń wu èèyàn nítorí kò wọn nǹkan kan. Àwọn kan lókè òkun ń gé e ní abala, wọ́n ń fi aṣọ líle àti gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà bò ó, wọ́n á wá kun ọ̀dà lé e ní ìpele ìpele títí á fi le. Ó ṣeé ṣe níbí náà. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: gọ́ọ̀mù òyìnbó tí àwọn oníbàtà ń lò á jẹ ẹ́. Ẹ kán an lé e lórí, ẹ ó rí i tó ń rì, tó ń di kòtò níṣojú yín. Pẹtiróò náà ń yọ́ ọ. Ẹ̀ka kòkó àti ọparun etí ọ̀nà á sì fa aṣọ rẹ̀ ya, omi á wọlé. Fún ọ̀nà ọ̀dà, kò burú. Fún oko, kí fọ́ọ̀mù wà nínú òrùlé nìkan, lábẹ́ páànù, láti dènà ooru. Ibẹ̀ ni kò ti láfijọ, nítorí alumíníọ̀mù láìsí fọ́ọ̀mù lábẹ́ kò ṣeé sùn sí lọ́sàn-án.

Orí ìfà

Àwọn SUV tó bọ̀ láti Amẹ́ríkà, bíi Highlander àti 4Runner, sábà máa ń ní ihò ìfà íǹṣì 2 lẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Corolla kì í ní in. Ẹ ní kí wọ́n de irin ìfà mọ́ ṣásí ọkọ̀ pẹ̀lú bóòtù, kì í ṣe mọ́ bọ́ńpà.

Bọ́ọ̀lù ìfà, irin róbótó ẹ̀yìn ọkọ̀ tí orí ìfà tírélà ń dé lé, wá ní ìwọ̀n méjì tó jọra gan-an: ti Yúróòpù jẹ́ 50 mm, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 50.8. Orí Amẹ́ríkà lórí bọ́ọ̀lù Yúróòpù á máa mì, ó sì lè yọ lórí kòtò. Ẹ ra orí àti bọ́ọ̀lù tó jẹ́ ti ibì kan náà.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà láàárín bọ́ọ̀lù àti òrùka pẹ̀lú ìkọ́. Bọ́ọ̀lù dákẹ́ lórí ọ̀dà, kì í gbò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá fì sọ́tùn-ún tí tírélà fì sósì, ó níye tó lè yí kó tó há. Òrùka tó kọ́ sára ìkọ́, irú ti tráktọ̀, lè yí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wẹ́dà wa lè ṣe é, owó rẹ̀ kéré, ariwo rẹ̀ lórí ọ̀dà ni wàhálà rẹ̀. Ẹni tó ń lọ oko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òrùka. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀dà ló pọ̀ jù lọ́nà rẹ̀, bọ́ọ̀lù. Èyíówù kí ẹ lò, ẹ so ṣéènì méjì mọ́ ọn, kí wọ́n gba abẹ́ irin ìfà kọ ara wọn, kí irin náà lè bọ́ lé wọn lórí bí orí ìfà bá já.

Táyà, iná àti atẹ́gùn

Bí rímù tírélà àti ti ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú kan náà, sípéà kan tó. Ẹ gbé rímù náà wọ họ́ọ̀bù wò kí ẹ tó sanwó, nítorí ihò nọ́ọ̀tì lè bára mu kí ihò àárín má gba họ́ọ̀bù. Lára táyà tòkúnbọ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tírélà ń dúró pẹ́ lójú kan, ọjọ́ orí ló ń pa táyà rẹ̀ kó tó jẹ tán.

Iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì, tíráfíkétọ̀ àti ohun tó ń tan yànràn lóru kì í ṣe ohun tí a ń yẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ FRSC nípa nọ́ńbà kí tírélà tó bọ́ sí títì. Ẹ wá rewáyà tó mọ ọkọ̀ yín; fún ọkọ̀ tuntun, kó fi rílè sáàárín kó má baà ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́.

Fèrèsé méjì tó kojú síra, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Èyí kì í ṣe ti ìgbádùn nìkan. Àpótí yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí sítóòfù, èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n tan sínú rẹ̀ tàbí sí ẹnu fèrèsé lè pa àwọn tó sùn nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbóòórùn ohunkóhun. Ìta ni iná ń wà, ìta tó jìnnà.

Bí ẹ bá sì dé oko, ẹ sùn sí abà tí wọ́n ti mọ̀ yín, kí Baálẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Fún àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀: ṣásí páìpù, líìfù sípíríńgì tí wọ́n ti yọ ewé rẹ̀, pẹpẹ, àgọ́ tápólì, òrùka àti ìkọ́. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí kò ṣeé tún ṣe nínú abà.

Fún ìdílé: ṣásí páìpù, ásù Golf, egungun arère, alumíníọ̀mù, fọ́ọ̀mù lábẹ́ òrùlé, bọ́ọ̀lù. Ṣásí 60 sí 65, ásù pẹ̀lú táyà mẹ́ta 90, àpótí pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé 90, orí ìfà, ṣéènì àti iná 15. Ó ti di 260. Bẹ́ẹ̀dì, jẹ́ríkéènì omi lítà 25, oúnjẹ àti aṣọ á gbé e sí 350. Ó ku 50 fún ohun tí ìyá àwọn ọmọ á rántí láàárọ̀ ìrìn-àjò.

Bí owó yín kò bá tó alumíníọ̀mù, ẹ fi pláíwùdù 6 mm rọ́pò rẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan ti ásù.

Kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ wẹ́dà, ẹ kó gbogbo ẹrù tí ẹ máa gbé lọ sínú rẹ̀, omi gan-an, kí ẹ sì fà á dé ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ra kòkó. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ gbé orí ìfà nìkan lé ìwọ̀n kòkó wọn, kí àpótí dúró tẹ́jú, kó má dagun. Ó yẹ kó wọn ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwọ̀n tírélà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 350, ẹ máa wá 35 sí 52. Bí ó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀, ìdí tírélà ló wúwo, ó sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í jù ẹ̀yìn ọkọ̀ yín sọ́tùn-ún sósì bí ẹ bá ti sáré díẹ̀. Ẹ sún omi àti àpótí oúnjẹ síwájú, kí ẹ tún wọn ọ́n. Bí sísún ẹrù kò bá tó, ásù ni kí wẹ́dà sún sẹ́yìn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó jó o pa títí ẹ ó fi wọn ọ́n: kó kọ́kọ́ fi bóòtù dè é.